Ọdún Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Gbá Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá ló sọ ìfura di ńlá nílé wa lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá gbé agbo ilé rí ní ìgbèríko Ẹgbẹ́dá mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tó ń ṣáájú ilẹ̀ gbígbá fún ọmọbìnrin. Bí ladáání bá ti pe ìrun àsùbáà tán, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, á ti máa fi ọ̀pá wọn gbá ilẹ̀kùn yàrá tí èmi àti Rísìkátù, àbúrò mi, ń sùn sí. Rísìkátù ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo ni iwájú ilé àti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ni igi máńgòrò wà, ibẹ̀ ni àwọn ewúrẹ́ ń sùn, ojú fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà sì kọ síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń gbálẹ̀ jẹ́jẹ́ á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo débẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi, mo bá Bọ̀dá Wàhábì, àbúrò bàbá wa, tí wọ́n dúró sí ìdí igi máńgòrò, tí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Wọ́n ní, “Sìdí, má gbá ibí o.” Mo ní, “Kí ló dé, Bọ̀dá?” Wọ́n ní, “Ṣáà má gbá a. Tó bá tó àkókò, màá pè ọ́.” Kí n tó yí padà, ohùn Ìyá Àgbà ti jáde láti ojú fèrèsé: “Ta ló ní kí wọ́n má gbálẹ̀ nínú ilé ọkọ mi?” Bọ̀dá Wàhábì dọ̀bálẹ̀ kí wọn láti ibi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ìdí tí a kò fi ní gbálẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ènìyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́, nítorí tí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n, ẹ ó rò pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ìyá Àgbà ò gba nǹkan kan gbọ́ láyé yìí àfi Ọlọ́run Ọba àti etí ara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, wọ́n á fi ìka gbá a lára, wọ́n á gbé etí sí i, wọ́n á tún gbá a ní ìdí, títí oníkòkò á fi máa bínú. Bí ohùn rẹ̀ bá dún kó, kó, láì fà, wọ́n á ní ó ti sán níbìkan, kódà bí ojú kò bá rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbá iṣu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbá àgbọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbá páálí tẹlifíṣọ̀n tí bàbá wa rà wálé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jí wa ni wọ́n tún fi ń sìn wá lọ sùn: “Páńsá ò fura, páńsá jáná, àjà ò fura, àjà jìn.” Èmi náà jogún rẹ̀. Lónìí tí mo ti di ìyálé ilé ní Ọlọ́runṣògo, ọkọ mi a máa rẹ́rìn-ín tí mo bá ń gbá abọ́ tuntun lára nínú ṣọ́ọ̀bù. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ohun tí mo rí lọ́dún yẹn ni mo fi ń gbá a.

Kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni Bọ̀dá Wàhábì dé láti ìgboro Ìbàdàn, lọ́sàn-án ọjọ́ tí a ń bó ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe àsìkò Iléyá, kò sí ìkómọ, kò sí òkú. Gbogbo wa jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gàrí ń pariwo lójúde, Bọ̀dá sì yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé pẹ̀lú báàgì kan ní èjìká àti àpò kan tó wúwo débi pé wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ti fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tí wọ́n sì ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, a máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn kí a tó rí wọn, búrẹ́dì á sì wà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yìí, kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹ̀rín. Ìyá Àgbà wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. “Wàhábì, ṣé kò sí?” “Kò sí, Ìyá.” “Ọ̀gá rẹ ńkọ́?” “Wọ́n wà.” “Ìgbà wo lo máa padà?” Bọ̀dá Wàhábì gbé báàgì wọn wọlé. Ìyá Àgbà mú ẹ̀gẹ́ míràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá sọ fún ìyá mi pé, “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.”

Ìyá mi nìkan ni inú wọn dùn. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, wọn ò lè pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ, nítorí wọ́n bá a nílé ni. Orúkọ tí wọ́n fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ bàbá wa ni Afínjú. “Afínjú ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o.” Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún Bọ̀dá Wàhábì lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹja inú rẹ̀ sì tóbi ju ti gbogbo wa lọ. Mo wo ẹja náà dáadáa. Mo ń wò ó bóyá wọ́n á bù lé mi lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n jẹ oúnjẹ náà dé ìdajì, wọ́n gbàgbé ẹja síbẹ̀, wọ́n dìde. Ìgbà náà ni èmi pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní ìdí igi máńgòrò. Kálípà ni irin tó wà nínú àpò wúwo yẹn, òun sì ni iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò. Irin bíréèkì ni, irin wúwo tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ń gbá àwo irin inú táyà mú nígbà tí awakọ̀ bá tẹsẹ̀ mọ́ bíréèkì. Tó bá ti pẹ́ lára ọkọ̀, ẹrẹ̀, eruku àti ìpẹtà á bò ó, á wá dà bí ohun tí wọ́n hú nílẹ̀. Àwọn onímọ́tò ìgboro tí wọ́n fẹ́ kí ó máa pupa yọ láàárín táyà ń fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Wàhábì, torí wọ́n mọ ọwọ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, háráhárá, háráhárá, tí eyín á máa kan wá. Wọ́n á fi fáìlì gé gbogbo ibi tó bá yọ gọnbu. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà: èyí tó le kọ́kọ́, èyí tó rọ̀ tẹ̀lé e, tí ohùn rẹ̀ á wá rẹlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ gbígbẹ pa aṣọ. Wọ́n á fi pépà àti tépù wé ojú ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kàn. Mo lè jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, kí n máa wò wọ́n láti ìgbà tí a bá jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán títí di ìrun àílà. Irin tó dà bí òkúta lówùúrọ̀ á máa dán bí abọ́ tánganran ní ọ̀sán. Iṣẹ́ náà dùn ún wò. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni èèwọ̀.

Mi ò mọ orúkọ míràn tí mo lè pè é nígbà náà. Bí wọ́n bá ti fi bẹntiróòlù nu irin náà tán, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Rísìkátù fọwọ́ kan ọ̀kan lẹ́yìn tó jẹ àkàrà tán, Bọ̀dá Wàhábì sì pariwo mọ́ ọn débi pé ó sunkún. Wọn ò fẹ́ kí epo pupa wá sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ìyá mi ń gbé agbada epo kọjá, Bọ̀dá Wàhábì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọ̀nà míràn. Tí wọ́n bá ti kun ọ̀dà, ọ̀dà pupa bí ẹ̀jẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ̀wà, a ò gbọ́dọ̀ gbọn ẹní. Bọ̀dá Wàhábì fúnra wọn á fi aṣọ di imú, wọ́n á fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọmọ tó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ̀ pé òróró ọwọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú, pé eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà yẹn? Irin, ohun pupa, ọwọ́ fífọ̀, a kì í fọwọ́ kàn án, a kì í gbálẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà kà wọ́n sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní, “Ìwọ tí o ń lọ sílé kéwú, kí ni wọ́n ń pe ohun tó ní èèwọ̀ báyìí?” Wọ́n ní kí n máa lọ wò ó wá fún wọn, kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Mo lọ pẹ̀lú ayọ̀. Kò sí iṣẹ́ nílé yẹn tí mo ṣe dáadáa tó èyí.

Láàárín àkókò yìí ni Bọ̀dá Wàhábì sọ fún bàbá wa pé bíréèkì bọ́ọ̀sì wọn ń ké. Bọ́ọ̀sì náà ni oúnjẹ wa. Àwọn obìnrin abúlé wa àti àwọn tó yí wa ká ni bàbá wa ń kó lọ sọ́jà pẹ̀lú gàrí, láfún àti ẹ̀gẹ́ wọn, ìyá mi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ń jókòó síwájú. Láti abúlé dé ọ̀nà ńlá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó lọ tààrà sí ibi odò, afárá tóóró ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí bọ́ọ̀sì bá ń sọ̀ ọ́, gbogbo obìnrin á dákẹ́ títí wọ́n á fi dé òdìkejì. Bàbá wa tú kálípà táyà iwájú méjèèjì, wọ́n gbé e fún àbúrò wọn. “Tún un ṣe, kí o bá mi kùn ún. Ọjọ́ ọjà ni mo fẹ́ lò ó.” Ní ọjọ́ kejì tí mo lọ ṣe amí mi, mo rí ohun tó mú mi sáré padà. Irin méjèèjì tó ti dán wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun funfun sì bò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Nínú páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ègé ohun funfun náà wà. Mo sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jáde láì di gèlè, wọ́n dúró wo irin náà, wọ́n bu díẹ̀ lára ègé yẹn, wọ́n fi kan imú.

“Ẹfun ni,” ni wọ́n wí. Ohùn wọn kéré. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà lè bẹ̀rù. Nílé tí wọ́n ti bí wọn, òrìṣà ni ìyá wọn ń sìn, ẹfun yìí ni wọ́n sì fi ń kun ọmọ lára. Wọ́n ti kùn wọ́n rí, ní kékeré, kí wọ́n tó wá fẹ́ bàbá àgbà wa, kí wọ́n tó kí ìrun. Wọ́n sọ fún mi lójú ibẹ̀ pé láti ọjọ́ tí àwọn ti kí ìrun, àwọn ò tíì fọwọ́ kan ẹfun mọ́, àwọn sì ti bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí àwọn tún rí i nínú ilé ọmọ àwọn. Ó wá wà níbí, lára irin, ní ẹ̀yìnkùlé tí ohùn ladáání ń dé láti mọ́ṣáláṣí. Irin bọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń wọ̀ sì ni. Mo wo ojú wọn, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tí bàbá wa ti ìrun Jímọ̀ dé, Ìyá Àgbà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dè wọ́n. Bọ̀dá Wàhábì ò sí nílé, wọ́n lọ wá rọ́bà tí wọ́n máa fi sínú kálípà náà. Ìyá Àgbà ro ẹjọ́ náà láìgbé ohùn sókè. Bàbá wa ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè.” “Mo ti bi í, kò dáhùn. Mo bi í ìdí tó fi wálé, kò dáhùn. Mo bi í ìdí tí a ò fi ní gbálẹ̀, ó ní kó má baà bàjẹ́. Kí ni kó má baà bàjẹ́? Bó o bá fi irin tó fi ẹfun bọ yẹn sára ọkọ̀, èmi ò ní wọ̀ ọ́, ìyàwó rẹ náà ò ní wọ̀ ọ́.” Bàbá wa wo ìyá mi. Ìyá mi ń to ẹ̀gẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọn ò gbé ojú sókè. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ṣàkíyèsí pé wọn ò pe Afínjú mọ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú Bọ̀dá Wàhábì, wọ́n á ní, “Oúnjẹ rèé,” wọ́n á lọ. Bàbá wa bọ́ fìlà wọn, wọ́n fi nu ojú, wọ́n ní ó dáa, Wàhábì á padà sí ìgboro ní ọjọ́ kejì.

Ìyá Àgbà ò dúró de ọjọ́ kejì. Àfáà àdúgbò ti bá wọn fọ wàláà, wọ́n sì fún wọn ní omi hàǹtú nínú ìgò. Ìyá Àgbà da omi náà sórí irin méjèèjì, wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ẹfun kúrò pátápátá, èmi ni mo ń bu omi. Wọ́n ju ègé ẹfun tó kù sí ṣáláńgá. Wọ́n wá nu irin náà gbẹ, wọ́n fi ìka gbá èkínní lára, wọ́n gbé etí sí i. Wọ́n gbá èkejì. Wọ́n tún gbá àwọn méjèèjì. “Ohùn wọn dọ́gba,” ni wọ́n wí. “Ara wọ́n ti yá.” Wọ́n pe bàbá wa kí wọ́n wá dè é mọ́ ọkọ̀. Mo rántí bí irin náà ṣe ń dán nínú oòrùn. Mi ò tíì rí irin tó mọ́ tó báyẹn, kò sì sí ẹni tó máa wò ó tí yóò ní nǹkan ń ṣe é.

Bàbá wa ti gbé èkínní dé ẹ̀gbẹ́ táyà nígbà tí Bọ̀dá Wàhábì wọlé. Wọn ò kí ẹnì kankan. Wọ́n wo orí pákó, wọ́n wo ọwọ́ bàbá wa, rọ́bà tí wọ́n rà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni,” Ìyá Àgbà ní.

“Ṣé ẹ rí nǹkan lára ẹfun yẹn kí ẹ tó fọ̀ ọ́? Ṣé ẹ rí ìlà kankan?”

“Ìlà wo? Ìwọ lo mọ ohun tó o kọ sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.” Bọ̀dá Wàhábì lọ dúró sí iwájú táyà. “Ẹ ò ní dè é.”

Bàbá wa kì í bínú, ṣùgbọ́n wọ́n bínú lọ́jọ́ yẹn. “Nínú ilé wa, Wàhábì? O kó nǹkan bo gbogbo wa lójú, o tún wá ń dí mi lọ́nà ọkọ̀ mi? Kí lo fi pamọ́ sára irin yìí?”

“Mi ò fi nǹkan pamọ́ sí i. Mo ń wò ó bóyá òun ló fi nǹkan pamọ́ fún wa.” Ìgbà náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tí a kò gbá. Wọ́n ní kẹrosíìnì ni àwọn fi pa irin náà lára, àwọn nù ún gbẹ, àwọn wá fi ẹfun kùn ún. Bí irin bá sán, bó ti wù kó kéré tó, kẹrosíìnì á ti wọ inú rẹ̀ lọ, tó bá yá, á máa jáde wá díẹ̀díẹ̀, á sì fa ìlà dúdú sára ẹfun. Ìyẹn nìkan ni ẹfun wà fún. Bàbá wa ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Bọ̀dá Wàhábì ní, “Torí ẹ máa bi mí ẹni tó kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo lọ béèrè. Ọ̀gá mi ò ní sùúrù. Irin tó bá wọlé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ jáde nírọ̀lẹ́. Mo ha ọ̀kan, mo fi sáńpépà bó o, ó dán, mo kùn ún ní pupa. Ọkùnrin tó ni ín bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo mọṣẹ́. Irin yẹn ti sán, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Ó tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kálípà là sí méjì. Ọmọ rẹ̀ ló jókòó síwájú.”

Àwọn ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn wa. Ìyá mi ló béèrè. “Ọmọ náà ńkọ́?” Bọ̀dá Wàhábì ò dáhùn. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìdáhùn láyé mi láti ìgbà náà, èyí tí mi ò gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì ń gbọ́. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, “Afínjú, ẹ rọra o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.”

Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ ìtùnú. Wọ́n ní, “Mo ti gbá a. Ohùn wọn dọ́gba.” Bọ̀dá Wàhábì ní, “Ó lè dọ́gba, Ìyá. Èmi náà gbá tọjọ́ yẹn.” Wọ́n dìde lọ wo páálí ẹfun, wọ́n bá a lófìfo. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ páálí náà, wọ́n wo bọ́ọ̀sì, wọ́n wo ìyá mi. Mo mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn, torí mo ti ń wo ojú yẹn látọjọ́ tí mo ti ń rìn. Wọn ò gba ìtàn náà gbọ́ tán. Wọn ò sì lè sọ pé irọ́ ni, kí wọ́n wá jẹ́ kí bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò. Wọ́n wọlé, wọ́n di gèlè, wọ́n da ìbòrí lé e. “Sìdí, dìde. À ń lọ sọ́jà.”

Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹfun lọ́jà náà, ibi eléwé ọmọ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èèpo igi àti orí ẹyẹ gbígbẹ. Ìyá Àgbà kì í gba ibẹ̀ kọjá, àní bí òjò bá ń lé wọn. Lọ́jọ́ yẹn, a fẹsẹ̀ rìn dé ọjà, wọ́n lọ tààrà síbẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí funfun lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹfun. Eléwé ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ níwájú wa, tí wọ́n jọ ń kí ìrun ní mọ́ṣáláṣí, dá ewé tó ń wé dúró, ó fi oyè tí wọ́n jẹ ní mọ́ṣáláṣí pè wọ́n. “Ìyá Ẹgbẹ́ Àdínì, ṣé kò sí o? Ẹfun kẹ̀?” Mo wo Ìyá Àgbà. Irú ojú tí wọ́n fi ń wo Bọ̀dá Wàhábì láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni gbogbo ọjà fi ń wò wọ́n báyìí. Wọ́n lè sọ pé irin ọkọ̀ ni àwọn fẹ́ fi yẹ̀ wò. Bóyá wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni ò ní gbà á gbọ́. Wọ́n ní, “Kó má baà bàjẹ́ ni.” Wọ́n gba ẹfun wọn, a sì padà sílé.

Ìyá Àgbà fúnra wọn ni wọ́n fi ẹfun náà kun irin. Bọ̀dá Wàhábì ti tún un nù, wọ́n ti fi kẹrosíìnì pa á, wọ́n ti nù ún gbẹ. Wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n gba ẹfun, Ìyá Àgbà ò fún wọn. “Kúrò níbẹ̀. Kí n má baà ní o ti ya ìlà sí i.” Bísímílà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n lọ ẹfun náà lúúlúú, wọ́n fi omi díẹ̀ pò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kùn ún, mo sì rí i pé ọwọ́ náà mọ̀ ọ́n kùn. Ó tẹ́jú, kò ṣù níbì kankan. Ọwọ́ ọmọdé tí wọ́n ti kùn rí ni. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa jókòó dè é. Oòrùn gbẹ ẹ́, ó funfun báláú. Kò sí nǹkan kan. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè wo Bọ̀dá Wàhábì, ìfura sì ti ń padà bọ̀ sójú wọn. Bàbá wa kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń wo ọ̀nà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ní igun kálípà kejì, níbi tó ti tẹ̀, ìlà kan ti ń yọ, ó tín-ín-rín bí irun orí. A wò ó títí ó fi gùn, tó sì dúdú, tó yí igun náà ká dé òdìkejì. Irin tí Ìyá Àgbà gbá lẹ́ẹ̀mejì ni.

Bàbá wa sún mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò wọn, wọ́n sì fi èjìká kan èjìká. Wọn ò tún dárúkọ ìgboro mọ́. Ìyá Àgbà ń wo ọwọ́ wọn funfun. “Etí mi gbà á,” ni wọ́n sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Etí mi gbà á wọlé.” Ìyá mi bu omi wá kí wọ́n fọ ọwọ́, wọn ò tètè fọ̀ ọ́.

Bàbá wa wá kálípà míràn rà. Bọ̀dá Wàhábì ha á, wọ́n fi sáńpépà bó o, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ara rẹ̀ mọ́ láìsí ìlà, wọ́n kun méjèèjì ní pupa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀dà ń gbẹ, mo gbàgbé, mo gbé ìgbálẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mi ò tíì tẹ̀ síwájú tí ọ̀pá kan fi bà mí ní ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà ló jókòó sí ìdí igi máńgòrò lórí àpótí, wọ́n ń lé adìyẹ. “Ta ló ní kí o wá gbálẹ̀ níbí? Ṣé o fẹ́ kí eruku bà á ni? Má fọwọ́ kàn án o! Kí lo jẹ láàárọ̀?”

Nígbà tí wọ́n dè é tán, Ìyá Àgbà ní àwọn ló máa kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì náà. Wọ́n jókòó síwájú, ní àyè ìyá mi, èmi àti Bọ̀dá Wàhábì wà lẹ́yìn. Ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ní kí bàbá wa tẹ bíréèkì. Ó dúró. A sọ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Títí a fi dé etí afárá ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè ọkọ̀. Mo retí kí wọ́n sọ fún Bọ̀dá Wàhábì pé iṣẹ́ wọn dára, tàbí pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n yíjú padà wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe wò wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé.

“Wàhábì.”

“Ìyá.”

“Ó dúró lónìí. Má jẹ́ kí ẹfun tán nílé wa.”